Ilé Kòkó: Àrokò Tí Oko Fi Ránṣẹ́ sí Ìlú

Yorùbá kì í sábà sọ nǹkan lórúkọ láìwo ohun tí nǹkan náà ń ṣe sí ọmọ ènìyàn. Nígbà tí ilé gogoro dé ilẹ̀ wọn, ilé tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn fi ní láti yí sẹ́yìn kí ojú tó lè dé orí rẹ̀, wọn kò fi iye àjà rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọn kò sì pè é ní ohun tí ń ha ojú ọ̀run gẹ́gẹ́ bí àwọn Òyìnbó ti ń pè é. Ilé àwòṣífìlà ni wọ́n pè é, ìyẹn ni ilé tí ènìyàn ń wò títí tí fìlà yóò fi ṣí lórí rẹ̀. Orúkọ náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Fìlà a máa ṣí lórí ènìyàn nítorí pé ó gbójú sókè. Ènìyàn a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fìlà nígbà tí ó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó jù ú lọ. Ní Ìbàdàn, ilé kan wà tí ìtumọ̀ méjèèjì pàdé lára rẹ̀. Ilé Kòkó ni, ní Dùgbẹ̀. Láti ọdún 1965 ni fìlà ti ń ṣí níwájú rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni a ń ṣí i fún?

Kí Ilé Kòkó tó dé, Ìbàdàn ní àwọn àmì tirẹ̀ tí àlejò fi ń mọ̀ ọ́n. Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, jókòó sórí òkè pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀. Ilé-ìṣọ́ kan wà lórí Òkè Àrẹ̀ tí wọ́n parí ní ọdún 1936, tí wọ́n sì fi sọrí Bower, Òyìnbó tí ó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Àwọn ará ìlú kò bá orúkọ Òyìnbó náà jìyàn. Wọ́n kàn wo àtẹ̀gùn tí ń yí po nínú ilé-ìṣọ́ náà, wọ́n sì pè é ní Láyípo. Àwọn méjèèjì yìí ga, ṣùgbọ́n gíga tí òkè fún wọn ni. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá èyíkéyìí nínú wọn yóò rí páánù tí ó ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, tí ó tò léra wọn lọ bí ẹni pé kò lópin.

Ilé Kòkó kò yá gíga lọ́wọ́ òkè kankan. Ìsàlẹ̀ ni ó ti dìde, lẹ́bàá ọjà, níbi tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Àjà 26 ni ó ní, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà 105. Ní ọdún 1965 tí wọ́n ṣí i, òun ni ilé tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, oyè yẹn kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọdún 1979 tí ilé alájà 32 ti iṣẹ́ tẹlifóònù fi dìde ní Èkó. Kò ní òpó olówó iyebíye, kò sì ní òrùlé onígun bí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ ni, tí fèrèsé tò sí lára léra-léra, tí ó dúró ṣánṣán láàárín àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju àjà kan tàbí méjì lọ. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn a ti rí i kí ó tó mọ̀ pé òun ti dé Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni ó mú kí ilé náà ṣàjèjì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ilé báyìí ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ka ilé alájà 10 kan tí wọ́n kọ́ sí Chicago ní ọdún 1885 sí àkọ́bí wọn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ó kọ́ ọ, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni ó sì ń jẹ́. Ní New York, Woolworth, ọkùnrin tí ó fi títa nǹkan ní sẹ́ǹtì márùn-ún àti sẹ́ǹtì mẹ́wàá di olówó, kọ́ ilé tirẹ̀ ní ọdún 1913. Ní ọdún 1930 ni Chrysler tí ń ṣe mọ́tò parí tirẹ̀ ní ìlú kan náà. Orúkọ olówó ni ó wà lára ilé olówó. Ní Ìbàdàn, ìlú tí kò ṣaláìní akọni tí a lè fi orúkọ wọn sọ ilé, orúkọ ọba kọ́ ni ilé àwòṣífìlà ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ balógun, kì í ṣe orúkọ Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe orúkọ olóṣèlú. Orúkọ irè oko ni ó ń jẹ́. Irè oko tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbìn ín kò tilẹ̀ kì í fi ṣe oúnjẹ.

Ẹni tí ó bá mọ àṣà Yorùbá yóò mọ̀ pé nǹkan lè sọ̀rọ̀ láìlẹ́nu. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ lè sọ fún ẹni tí ó wà lókèèrè pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí i. Àrokò kì í ṣe ẹ̀bùn lásán. Ẹni tí ó bá gbà á ní láti tú u, lẹ́yìn tí ó bá tú u tán, èsì di ọ̀ranyàn. Bí a bá fi ojú yìí wo Ilé Kòkó, àrokò tí oko fi ránṣẹ́ sí ìlú ni. Ìlú ti gbà á, ó gbé e nàró sójú ọjà. Ó ku bí ó ṣe tú u.

Kí kòkó tó di owó, ọ̀nà tí ó ń gbà gùn. Àgbẹ̀ yóò ṣán igbó, yóò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò kí òjìji wọn lè bo kòkó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Yóò máa ro ó fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Nígbà tí èso bá pọ́n, wọn yóò ká a, wọn yóò fọ́ ọ, wọn yóò kó hóró rẹ̀ tútù jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ó lè kan dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sá a sí oòrùn. Ní àsìkò yìí, bí òjò bá ṣú, tọmọdé tàgbà ni yóò sáré jáde láti kó o wọlé, nítorí kòkó tí ó bá hu kò ní iyì lójú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó bá gbẹ, yóò wọ inú àpò ìdọ̀họ, yóò dé orí ìwọ̀n alágbàtà. Nígbà náà ni àgbẹ̀ yóò tó mọ ohun tí iṣẹ́ ọdún kan já sí.

Ohun tí ó já sí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1947 ni ìjọba ti dá Bọ́ọ̀dù sílẹ̀ láti máa ra gbogbo kòkó, kí ó sì máa tà á sí òkè òkun. Ní ọdún 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba Bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ètò náà dára létí: Bọ́ọ̀dù yóò kéde iye tí yóò san fún àgbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò; bí ọjà àgbáyé bá gbé owó lérí, yóò fi èlé rẹ̀ pamọ́; bí ọjà bá kú, yóò fi owó ìpamọ́ náà ṣe ìrọ̀rùn fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a fi pamọ́ dè ọjọ́ òjò kì í pẹ́ kí ó tó wọ àwọn tí ojú oòrùn ń pọ́n lójú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí i pé ìpamọ́ náà ni ohun èlò tí ó sún mọ́ òun jù lọ láti fi tún ẹkùn náà ṣe, ó sì nawọ́ sí i.

Ohun tí wọ́n fi ṣe kò kéré, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu ẹnu àtẹ́ lù ú láìrò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1962 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Títí di òní, orúkọ Awólọ́wọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá pè bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Ilé Kòkó. Síbẹ̀, Ládòkè Akíntọ́lá ni olórí ìjọba ẹkùn náà ní ọdún tí wọ́n ṣí i. Àwọn alátìlẹ́yìn méjèèjì ti fi ọ̀rọ̀ yìí jà gidigidi. Nínú gbogbo ìjà náà, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan tó rántí pé orúkọ tí ó wà lára ilé náà ti dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó san owó rẹ̀.

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lọ́kàn sílẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 gbé wọ ilé-ìwé. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀, ní oko kan lápá gúúsù Ìbàdàn. Ní ọdún 1967, nígbà tí ọmọ náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, bàbá rẹ̀ wá kí i, àwọn méjèèjì sì jọ gba Dùgbẹ̀ kọjá. Bàbá dúró lábẹ́ Ilé Kòkó, ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ di fìlà rẹ̀ mú kí ó má baà jábọ́.

Ó ní, “Àpò mélòó ni?”

Ọmọ ní, “Bàbá, àpò kí ni ẹ̀ ń wí?”

“Ilé yìí ni mò ń bi ọ́. Ìwọ ni o kàwé. Àpò kòkó mélòó ni wọ́n kó jọ kí ó tó ga tó báyìí?”

“Èmi kò mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wọlé, kí ẹ rí bí lífìtì ṣe ń gbé ènìyàn lọ sókè.”

Bàbá mi orí. Ó ní, “Rárá. Ilé tí ènìyàn bá bá wọn kọ́, ẹnu ọ̀nà ni ó yẹ kí wọ́n ti wá pàdé rẹ̀. Nígbà tí o bá mọ iye àpò náà, wá sọ fún mi.”

Ọmọ náà rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí ó dàgbà ni ó tó mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ọdún 1965, ọdún tí wọ́n ṣí ilé náà, ni owó kòkó já wálẹ̀ gan-an ní ọjà àgbáyé. Ọjọ́ òjò tí Bọ́ọ̀dù ń fi owó pamọ́ dè ti dé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìpamọ́ náà kò sí nílẹ̀ mọ́. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ wálẹ̀. Bàbá olùkọ́ yìí fi apá kan oko rẹ̀ dógò kí ilé má baà túká. Oko náà wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó yá a lówó ní ọjọ́ tí ó dúró ní Dùgbẹ̀ tí ó ń béèrè iye àpò. Kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ títí ọmọ fi jáde ìwé.

Òun nìkan kọ́ ni ó ń béèrè. Láti ọdún 1968 títí di ọdún 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde lábẹ́ orúkọ tí kò fẹ́ àlàyé: Àgbẹ̀kọ̀yà, àgbẹ̀ kọ ìyà. Táfá Adéoyè, ará Akáńrán, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Owó-orí ni wọ́n torí rẹ̀ bínú jù, àti ìwà àwọn tí ń gbà á. Wọ́n ní òkè mẹ́fà péré ni àwọn yóò san. Òkè yìí kì í ṣe òkè tí a ń gùn. Àpò owó ẹyọ ni ní ìgbà àtijọ́, tí ó wá dúró fún ṣílè márùn-ún nígbà tí owó Òyìnbó dé. Òkè mẹ́fà jẹ́ 30 ṣílè. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní ọdún 1969, ní ìkẹyìn ìjọba dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Ní gbogbo àkókò yìí, Ilé Kòkó dúró sí Dùgbẹ̀, ó ga ju gbogbo ilé lọ, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti ohun tí àwọn tí ń jà náà ń gbìn.

Àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé bí wọ́n bá ti pín owó náà fún àwọn àgbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe ni ì bá gbé e lọ, kì bá sì sí ohun tí a lè tọ́ka sí lónìí. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà; owó kòkó kọ́ ọmọ, ó sì kọ́ ilé. Olùkọ́ tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò lè sẹ́ pé èso ètò náà ni òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà ní ìhà kejì náà kò fúyẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó ń ná owó ẹlòmíràn, bí ó tilẹ̀ ń fi ṣe rere, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olówó, kí ó sì jíyìn fún un nígbà tí ó bá ná an tán. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Coker darí yẹ ìwé owó àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò, Bọ́ọ̀dù sì wà lára wọn. Iyàrá àwọn amòfin ni wọ́n ti ṣe é. Àgbẹ̀ tí ń sá kòkó lóko kò sí níbẹ̀.

Ìhà méjèèjì ni ó ní òtítọ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó lè lé èkejì kúrò nínú Ilé Kòkó. Ohun tí ó mú kí ilé náà jinlẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ nìyí. Ilé Woolworth ń sọ pé, “Ẹ wo ohun tí mo ní.” Ilé Kòkó ń sọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: “Ẹ wo ohun tí oko lè ṣe,” àti, “Ẹ wo ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ oko.” Ẹni tí ó bá gbọ́ èkínní nìkan yóò máa yangàn láìmọ gbèsè tí ó jẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ èkejì nìkan yóò máa ráhùn, yóò sì gbàgbé pé ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ṣe ohun tí ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, iná jó ilé náà. Ọjọ́ yẹn ni ìlú rí òmíràn nínú ìṣòro ilé gíga: ohun tí ó ga ju àkàbà panápaná lọ, tí omi kò tètè dé orí rẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìgì fún iná. Ilé náà dúró pẹ̀lú èéfín lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹlòmíràn sì rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 1992. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà dùn létí ọba. Ẹni tí ó bá ronú sí i yóò béèrè pé àwọn wo ni wọ́n ru amọ̀ tí wọ́n fi tún ilé ọba mọ.

Lónìí, Ilé Kòkó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Odù’a, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 láti mójú tó ohun ìní tí ẹkùn àtijọ́ náà fi sílẹ̀. Bọ́ọ̀dù ti kógbá wọlé ní ọdún 1986, owó epo rọ̀bì sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ìlú gbàgbé pé oko ni ó kọ́kọ́ bọ́ àwọn. Ní ọdún 2024, owó kòkó ní ọjà àgbáyé fò kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Gbogbo ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ kòkó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń pàdé ara wọn lábẹ́ ilé náà ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, wọn kò sì gbọ́ kòkó nínú rẹ̀ mọ́, bí ènìyàn kì í ti í gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mọ́ ọn lẹ́nu.

Olùkọ́ náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bàbá rẹ̀ ti kú kí ó tó rí ìdáhùn mú lọ fún un, nítorí ìdáhùn kan kò sí tí a lè fi àpò kà: àpò wo ni a ó kà, ti ẹni tí ó tà, tàbí ti ẹni tí òjò ba tirẹ̀ jẹ́? Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí ó fi kọ́ àwọn tí ń múra ìdánwò, ó máa ń fún wọn ní iṣẹ́ kan náà: kí wọ́n kọ àròkọ lórí Ilé Kòkó, kí wọ́n má sì kọ iye àjà rẹ̀ títí wọn yóò fi dárúkọ àwọn tí ó san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó bá lọ bi bàbá àgbà wọn léèrè ni àròkọ wọn máa ń gún régé.

Èsì àrokò kì í ṣe kí ìlú wó ilé náà, kì í sì í ṣe kí ó máa fi í ṣe àwòrán sára káàdì ìkíni lásán. Èsì rẹ̀ ni títì tí ó dé oko, ìwọ̀n tí kì í parọ́, àti ìjọba tí yóò máa jíyìn fún ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ṣọrọ̀. Títí èsì náà yóò fi pé, kí ẹni tí ó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá máa gbójú sókè, kí ó sì rántí pé bí fìlà bá ṣí níwájú Ilé Kòkó, ilẹ̀ ni ó ń bọ́ sí. Ilẹ̀ náà sì ni kòkó ti hù.